Amodu ló gbálẹ̀, ẹlòmíì ló jókòó

Ẹni tó bá wà ní Kánò lóṣù kẹfà ọdún 2005 ò ní gbàgbé ọjọ́ tí Super Eagles gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Angola ní pápá Sani Abacha. Ọ̀mì yẹn wà lára ohun tó gba Ife Àgbáyé 2006 mọ́ wa lọ́wọ́, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ Christian Chukwu. Ìyẹn ṣì yé èèyàn. Èyí tí kò yé mi títí dòní ni ti Shaibu Amodu, ẹni tó yege tí wọ́n sì lé, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀yin ará Gboko mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá BCC Lions nígbà tí wọ́n gba African Cup Winners' Cup lọ́dún 1990. Ní 2001, nígbà tí ọ̀nà Ife Àgbáyé ti fẹ́ dí mọ́ Jo Bonfrere lọ́wọ́, Amodu ni wọ́n sáré pè. Ó tún un ṣe. Lọ́jọ́ 29 oṣù keje, a na Gánà ní 3-0 ní Port Harcourt, a rí ọ̀nà Korea àti Japan lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2002, ó gba ipò kẹta nínú Ife Áfíríkà ní Mali. Àbí ipò kẹta burú ni? Wọ́n ní ó burú. Wọ́n já ìwé gbélé-ẹ fún òun, Stephen Keshi àti Joe Erico.

Ọmọ tiwa, Olóyè Adegboye Onigbinde ará Modákẹ́kẹ́, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Bàbá mọ iṣẹ́, òun ló mú wa dé àṣekágbá Ife Áfíríkà ní 1984. Ṣùgbọ́n nǹkan bí oṣù mẹ́rin péré ni wọ́n fún un! Argentina nà wá 1-0, Sweden nà wá 2-1, a gbá ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú England, ó di ilé. Kò pẹ́ tí òun náà fi kúrò níbẹ̀.

Ní 2008, wọ́n tún padà lọ pe Amodu. Lóṣù kọkànlá 2009, a na Kenya 3-2 ní Nairobi, Mozambique náà bá wa na Tunisia, ọ̀nà South Africa là. Ó tún gba ipò kẹta ní Angola lóṣù kìíní 2010. Ẹ ti mọ ìyókù. Lars Lagerbäck láti Sweden ló lọ. Argentina tún nà wá 1-0, Greece nà wá 2-1, a gbá ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú South Korea. Ẹ fi wé ti 2002, àfi bíi pé ẹnì kan da ìwé ara wọn kọ!

Wọ́n ti ṣe é fún Philippe Troussier rí ṣáájú 1998, tí Bora Milutinović fi lọ sí Faransé dípò rẹ̀. Ká má parọ́, Bora na Spain ní tiẹ̀.

Ẹ wá wo Clemens Westerhof. Ó dé ní 1989. Ní 1990, Algeria fi 5-1 kí i káàbọ̀ sí Ife Áfíríkà, wọ́n sì tún nà án ní àṣekágbá. Ní 1992, ipò kẹta ló gbà, ipò kẹta kan náà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Amodu. Kò sẹ́ni tó lé e. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó gba ife ọ̀hún ní Tunisia, ó sì kó wa lọ sí Ife Àgbáyé wa àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Gernot Rohr náà gba ipò kẹta ní 2019, ó ṣì lo ọdún méjì sí i.

Amodu kú lọ́jọ́ 10 oṣù kẹfà 2016, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn Keshi. Ẹni ọdún 58 ni. Kò jókòó rí gẹ́gẹ́ bí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Ife Àgbáyé kankan.