Bearing Kì í Kú Lásán: Ìtàn Irin Tó Ń Yí Ẹ̀rọ, àti Bí A Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Ara Wa Pààrọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Kaduna, láti Kakuri dé Kawo, láti Tudun Wada dé Sabon Tasha! Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọ̀rọ̀ bearing ni, irin róbótó tó ń jẹ́ kí ṣáfùtù ẹ̀rọ yí láìgbóná. Èyí tó ń lọ ata ni o, èyí tó ń lọ àgbàdo ni o, èyí tó ń la pákó tàbí tó ń gé igi wẹ́wẹ́ ni o, bearing ló gbé gbogbo wọn ró. Bó bá ti jẹ, ẹ̀rọ dúró, owó ọjọ́ yẹn náà dúró.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó dé Kano. Ní 1917, ìjọba gbé olú ìlú Àríwá kúrò ní Zungeru wá sí Kaduna. Ọ̀pọ̀ àwọn baba wa, ojú irin yẹn ni wọ́n bá wá: akọ̀wé wà nínú wọn, oníṣòwò wà, oníṣẹ́ ọwọ́ náà wà. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin kò ní bearing tó ní ọmọ nínú. Orí irin rírọ̀ ni wọ́n ń yí, irú èyí tí Isaac Babbitt, ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 1839. Àfi kí èèyàn máa da epo sí i ṣáá. Bí epo bá gbẹ, á gbóná, á jó.

Ta ló wá ṣe bearing tó fara da wàhálà? Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá kan o. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ aṣọ ni, Sven Wingquist, ní ìlú Göteborg, ní Sweden. Ilẹ̀ amọ̀ ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ náà lé. Bí ilẹ̀ bá ti sún díẹ̀, ṣáfùtù á wọ́, bearing á sì bàjẹ́. Ní 1907, ó ṣe èyí tí inú òrùka ìta rẹ̀ tẹ̀ bí inú igbá, tí ọmọ irin sì tò ní ẹsẹ méjì nínú rẹ̀. Bí ṣáfùtù bá wọ́ díẹ̀, bearing náà á tẹ̀ lé e. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ SKF sílẹ̀.

Àwa náà rí ilé iṣẹ́ aṣọ níbí. Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957, United Nigerian Textiles tẹ̀ lé e ní 1964. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ: àwọn tó ṣiṣẹ́ pẹ́ nídìí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, etí lásán ni wọ́n fi ń mọ bearing tó ti fẹ́ kú. Ìkíní ti ilẹ̀kùn ní 2002, ìkejì ní 2007. Wọ́n tún ṣí ìkejì ní 2010, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló pàdánù iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ lè kú o, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọwọ́ kò gbọdọ̀ bá a kú.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n ṣe fúnra wa. A ti rí oníṣẹ́ tó gba owó bearing tuntun, tó wá fi àlòkù tó fọ̀ mọ́ sí i.

Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ, kí ẹ yọ bẹ́líìtì kúrò. Ẹ fi ọwọ́ mi ṣáfùtù: bó bá ń jò, tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bearing ti jẹ. Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Nínú 6205, ẹ fi 5 sọ 05 di púpọ̀, ó di 25: ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 25 nìyẹn. 6206 jẹ́ 30. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí Panteka, kí ẹ fi wọn wé ara wọn kí ẹ tó sanwó.

Bí ẹ bá ń ti tuntun wọ ṣáfùtù, òrùka inú ni kí ẹ fi páìpù gbá. Bó bá jẹ́ inú ilé rẹ̀ ni ẹ ń tì í sí, òrùka ìta ni. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí agbára hámà gba ara ọmọ irin kọjá, torí ọjọ́ yẹn gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ má sì fi iná yọ́ ọ. Gírísì ò gbọdọ̀ kún inú ilé rẹ̀ tán, torí ó máa ń gbóná.

Kí ẹ tó dá bẹ́líìtì padà, ẹ na okùn gba ojú púlì méjèèjì, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n dọ́gba. Ẹ má fa bẹ́líìtì le jù. Ohun tí Wingquist rí ní Sweden náà nìyí: ṣáfùtù tó wọ́ ló ń pa bearing. Ẹni tó pààrọ̀ bearing tí kò tún ìdí rẹ̀ ṣe, ṣebí yóò tún padà sọ́jà láìpẹ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọmọ yín, ọkùnrin tàbí obìnrin, kó wá bá yín di sípánà mú. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ ọ́n.