Àwọn Tó Ń Lé Oòrùn Àárọ̀ Kiri Etíkun Èkó

Kí kámẹ́rà tó dé etíkun Ajah, àwọn èèyàn ti ń jí débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Apẹja ń fa àwọ̀n. Àwọn ìjọ aláṣọ funfun ń gbàdúrà, abẹ́là lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó jí wá nítorí àtiya fọ́tò oòrùn nìkan, ẹnu àìpẹ́ yìí ló dé, ọ̀nà tó gbà débẹ̀ sì jìn.

N. Walwin Holm kó iṣẹ́ fọ́tò rẹ̀ láti Accra wá sí Èkó ní 1896. Àwo gíláàsì ni wọ́n ń ya fọ́tò sí láyé ìgbà náà, kámẹ́rà wúwo, orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ló sì ń dúró. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, gíláàsì yẹn kì í tètè gba àwòrán; bí wọ́n bá sì kọjú rẹ̀ sí oòrùn gan-an, ìmọ́lẹ̀ á tàn kọjá ààlà, á ba iṣẹ́ jẹ́. Àwọn tó ń sanwó, àwòrán ara wọn ni wọ́n ń fẹ́. Ta ni yóò sanwó fún oòrùn tó ń yọ lófẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́?

Ìgbà tó yá, etíkun kan ní Èkó tí wọ́n ń pè ní Bar Beach gbajúmọ̀. Ibẹ̀ ni Akínbọ̀dé Akínbìyí, tí wọ́n bí ní Oxford ní 1946, ti ya àwọn fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun tó pè ní Sea Never Dry. Àwọn èèyàn tó wá sí etíkun ló jẹ ẹ́ lógún ju oòrùn lọ.

Etíkun ọ̀hún kò dúró. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn to òkúta wọ inú òkun lẹ́nu ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọ Èkó. Iyanrìn tí omi ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn kò ráyè kọjá mọ́, òkun wá ń jẹ Bar Beach. Níkẹyìn, wọ́n da iyanrìn sí i láti kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic. Ẹni tó bá fẹ́ òkun gbangba forí lé ìlà-oòrùn, ó gba ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Gúúsù ni etíkun Lekki àti Ajah kọjú sí. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹjọ, ẹ̀yìn ilé àti igi àgbọn ni oòrùn ti ń yọ. Oṣù kejìlá ló máa ń yà sí gúúsù jù, tí á yọ lórí omi lápá òsì ẹni tó kọjú sí òkun, nígbà tí aago méje òwúrọ̀ bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n àkókò ọyẹ́ nìyẹn! Eruku rẹ̀ lè bo oòrùn títí á fi gòkè. Nígbà mìíràn, eruku kan náà á sọ ọ́ di pupa roboto, tí kò ní ta ojú.

Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà etíkun láti Èkó lọ sí Calabar, tó tó 700 kìlómítà. Wọ́n wó àwọn ibi ìgbafẹ́ kan létí òkun, àwọn ará Okun-Ajah sì fi ẹ̀hónú hàn lórí ibi tí wọ́n fẹ́ gbé ọ̀nà náà gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ya fọ́tò àárọ̀ níbẹ̀ ṣáájú ọdún náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ àdúgbò sí i, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kí fóònù tó bàjẹ́.