Ta Ló Ka Ọta?

Ọta méjì ló dín. Ohun tí wọ́n gbọ́ nílé ẹjọ́ gíga Èkó nìyẹn lórí ìbọn ọlọ́pàá kan, ASP ni, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ bíríìjì Ajah lọ́jọ́ Kérésìmesì 2022. Ọta tí wọ́n kà fún un kó tó jáde kò pé mọ́ nígbà tí wọ́n gba ìbọn padà. Inú mọ́tò ni agbẹjọ́rò Bọ́láńlé Raheem wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ẹbí nígbà tí ọta bá a. Ní ọjọ́ 9 Oṣù Kẹwàá 2023, Adájọ́ Ìbírónkẹ́ Harrison dájọ́ ikú fún ọlọ́pàá náà. A mọ̀ pé ilé ẹjọ́ gíga kọ́ ni òpin ẹjọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu, èmi tó ti pẹ́ ní Ìlàsàn ní Lekki, ni kíkà yẹn. Ìbọn ti ń dún létí òkun yìí tipẹ́; ta ló ka ọta rí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Maroko, àdúgbò kan létí òkun yìí. Ní Oṣù Keje 1990, Gómìnà ológun Raji Rasaki fún àwọn ará ibẹ̀ ní ọjọ́ méje péré kí wọ́n kó jáde. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù náà, katapílà wọlé, tòun ti sójà àti ọlọ́pàá. Wọ́n ní èèyàn bíi 300,000 ló di aláìnílé. Ìyá ẹlẹ́ja kan tí a jọ ń gbélé sọ fún mi pé ilẹ̀kùn nìkan lòun rí yọ. Ó rù ú dé Ìlàsàn, ọgbọ́n sì ni, torí pé ilé tí wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn sí kò tíì parí. Gbayawu lẹnu ọ̀nà wà. Mo bi í pé, "Ìyá, ta lẹ wá fẹjọ́ sùn?" Ó wò mí bí ẹni tórí rẹ̀ dàrú. "Àwọn tí à bá fẹjọ́ sùn ló dúró ti katapílà."

Ọ̀rọ̀ ìyá ní gbòǹgbò. Òyìnbó gba Èkó ní 1861; kò pẹ́ tí Glover, òyìnbó tó wá di alákòóso Èkó, fi kó àwọn Hausa tó sá kúrò lóko ẹrú jọ, tó kó ìbọn lé wọn lọ́wọ́. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Àlejò tí kò lẹ́bí nílùú kò ní ṣojú àánú sí onílùú; ojú gómìnà ni yóò máa wò. Ní 1863, Lekki náà bọ́ sábẹ́ ìjọba Òyìnbó. Orúkọ àwọn ọlọ́pàá tó tinú wọn jáde yí padà títí di 1930 tí wọ́n pa ti Gúúsù àti ti Àríwá pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sanwó ni wọ́n ṣì ń jíhìn fún.

Ká wá dé tóògéètì Lekki, 20 Oṣù Kẹwàá 2020. Àwọn ọ̀dọ́ jókòó, wọ́n gbé àsíá dání, wọ́n ní ìyà tí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè, fi ń jẹ aráàlú tó gẹ́ẹ́. Iná kú, sójà dé, ìbọn dún. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gágun Ahmed Taiwo sọ níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi pé àwọn sójà náà mú ọta gidi àti ọta òfìfo dání. Ẹ gbọ́ ná, oríṣi méjì! Mélòó ni gidi tó jáde, mélòó ló padà wọlé? Ìgbìmọ̀ jókòó fún bí ọdún kan. Ó fún àwọn tí ọlọ́pàá ti fojú wọn rí màbo lówó gbà-má-bínú tó lé ní 400 mílíọ̀nù náírà, ó sì kọ àwọn èèyàn kan sílẹ̀ pé wọ́n kú ní tóògéètì. Ní ọjọ́ 30 Oṣù Kọkànlá 2021, ìjọba Èkó gbé ìwé tiwọn jáde: àwọn ò gba ti àwọn tó kú yẹn.

Ọ̀tọ̀ ni ti Otodo Gbame, abúlé apẹja kan ní Lekki. Ní Oṣù Kẹrin 2017, ọta pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan nígbà tí ọlọ́pàá ń lé àwọn Ẹ̀gùn apẹja kúrò níbẹ̀. Ní Oṣù Kẹfà, Adájọ́ Adéníyì Onígbànjo ní lílé wọn kò bófin mu. Wọn ò dá wọn padà síbẹ̀ títí dòní.

Lọ́jọ́ tí rédíò ka ìdájọ́ Ajah, mo sọ fún ìyá ẹlẹ́ja pé torí pé ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò dìde ni ẹjọ́ yẹn fi yá. Ó ń to ẹja lọ.

"Ta ló rán ọlọ́pàá ọ̀hún níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó rán an, Ìyá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Wọ́n á rí i mú nìyẹn."