Ìṣirò ojú títì: ohun tí ìwádìí Recife fi hàn

Ìlú Recife, lórílẹ̀-èdè Brazil, ni àwọn olùwádìí mẹ́ta, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, ti dán ọmọ márùn-ún tó ń tajà lójú títì wò. Ọdún 1985 ni àbájáde rẹ̀ jáde.

Nídìí ọjà, àwọn ọmọ náà gba ìdá 98 nínú 100 ìṣirò owó. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní irú ìṣirò kan náà bíi ti ilé ìwé, nọ́ńbà lásán, ìdá 37 péré ni wọ́n gbà.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 12, ṣírò àgbọn 10, tí ẹyọ kan jẹ́ 35, báyìí: mẹ́ta jẹ́ 105, mẹ́ta sí i di 210, mẹ́ta sí i di 315, ọ̀kan tó kù sọ ọ́ di 350.

Ẹ̀yin òbí àti tíṣà, kí ẹ tó pe ọmọ ní olódo, ẹ kọ́kọ́ bi í bó ṣe ń ṣírò ṣéńjì.