Àlọ́ àpamọ̀ àti àrọ̀: Eré alẹ́ tó ń kọ́ ọmọ ní èdè

Kí tẹlifíṣàn àti fóònù tó gba alẹ́ mọ́ àwọn òbí lọ́wọ́, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni àwọn ọmọdé ilẹ̀ Yorùbá máa ń péjọ sọ́dọ̀ àgbà láti fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Wọn kì í ṣe é lọ́sàn-án, nítorí pé iṣẹ́ ló ni ọ̀sán. Ìdí eré yìí ni ọmọ ti ń kọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ohùn ọ̀rọ̀ àti àròjinlẹ̀.

Oríṣi méjì ni àlọ́ pín sí. Àlọ́ àpagbè ni ìtàn tó ní orin nínú, tí Ìjàpá sábà máa ń kópa níbẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ ni ìbéèrè kúkúrú tó fi ohun kan pamọ́ sínú àfiwé. Apàlọ́ yóò ké pé, "Ààlọ́ o!", àwọn ọmọ yóò sì dáhùn pé, "Ààlọ̀!" Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè pé, "Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba?" Àgbàrá òjò ni. "Kí ló ń bá ọba jẹun tí kì í kó àwo?" Eṣinṣin ni. "Òkun ń hó yèè, ọ̀sà ń hó yèè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ọmọrogùn ni.

Kí ọmọ tó lè mọ ìdáhùn àwọn àlọ́ wọ̀nyí, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ènìyàn kì í rí ọba kó má kí i, àti pé ẹni tó bá kéré jù nídìí oúnjẹ ló ń kó àwo. Bí èdè ṣe ń wọ ọmọ létí ni àṣà náà ń wọlé.

Àrọ̀ jíjá ní tirẹ̀ jẹ́ ìbéèrè àti ìdáhùn tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n. Inú ìdáhùn kan ni ìbéèrè mìíràn ti ń jáde. Ọmọ tó bá fo ọ̀kan yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Eré yìí dára púpọ̀ fún ìrántí.

Eré kẹta ni ti ohùn ọ̀rọ̀. Àgbà lè pe igba, igbá, igbà àti ìgbà, kí ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ọ̀kan ṣe gbólóhùn. Ọ̀pọ̀lọ́, ọpọlọ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ tún wà, tó máa ń lọ́ ahọ́n ọmọdé tí gbogbo ilé yóò fi bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tí kò bá gbọ́ ìyàtọ̀ ohùn ní kékeré yóò máa ṣi ọ̀rọ̀ pè nígbà tó bá dàgbà.

Ẹrù yìí ti wá di ti òbí báyìí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tó jọ ọ́ fún èdè abínibí, ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e, ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ilé ìwé kò bá kọ́ ọmọ, ilé gbọ́dọ̀ kọ́ ọ.

Kò gba owó. Alẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ ti tó, kí gbogbo ilé pa fóònù tì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí wọ́n fi àlọ́ tó rọrùn bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ kékeré, irú bí "Gbogbo ilé sùn, káńbó kò sùn", tó jẹ́ imú. Kí àwọn ẹ̀gbọ́n máa já àrọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọmọ tó bá ṣìnà ṣe yẹ̀yẹ́, kí ọ̀rọ̀ má baà sú u. Bí ó bá yá, kí àwọn ọmọ máa ṣẹ̀dá àlọ́ tiwọn nípa ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Ọmọ lè sọ pé, "Ó sùn sórí tábìlì, bó bá ké, gbogbo ilé a sáré." Fóònù ni.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tó bá ti ń pa àlọ́ fún àbúrò rẹ̀ lónìí yóò ní èyí tí yóò pa fún ọmọ tirẹ̀ lọ́la.