Ohùn Tó Padà Sílé: Ìgbésí Ayé àti Iṣẹ́ Sister Fa, Obìnrin Olórin Ráàpù

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu òròfó ní í pa òròfó. Ẹni tó bá fẹ́ tú àṣírí ilé síta ni a máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún. Kò sí àwùjọ tí kò ní ọ̀rọ̀ tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá lẹ́nu, pàápàá bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ bá jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tí kò ní owó, tí kò sì sí ìjòyè tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá kan lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìdábẹ́ wà lára irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Dakar, ní Monróvíà, àti ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, ọ̀pọ̀ obìnrin ló mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń sọ ọ́ ní gbangba.

Fatou Mandiang Diatta, tí a mọ̀ sí Sister Fa lórí ìtàgé, wà lára àwọn díẹ̀ náà. Orin ráàpù ló fi sọ ọ́. Bí a bá fẹ́ mọ irú òmìnira tí obìnrin yìí ní nínú iṣẹ́ rẹ̀, ohun mẹ́ta ló yẹ kí a wò: ohun tó yàn láti sọ, èdè tó fi sọ ọ́, àti àwọn tó yàn láti sọ ọ́ fún. Ìkẹta ló ṣòro jù, nítorí pé ilé bàbá rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ráàpù àti Ohùn Obìnrin ní Sẹ̀nẹ̀gàl

Ní Dakar ni a bí Fatou Diatta ní 1982. Bó ti ń dàgbà ni ráàpù náà ń gbilẹ̀ ní ìlú ọ̀hún. Ní 1989 ni Didier Awadi àti Amadou Barry dá ẹgbẹ́ Positive Black Soul sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àfarawé àwọn olórin Amẹ́ríkà àti ti Faransé ló pọ̀ nínú orin àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi gbé èdè Wolof sórí ìtàgé. Èdè Faransé ni èdè ìjọba àti ti ilé-ìwé. Ẹni tí kò bá kàwé kò lè gbọ́ ọ dáadáa. Wolof ni èdè ọjà, èdè inú ọkọ̀ àti èdè agboolé. Nígbà tí ráàpù di orin Wolof ni ìyá tó ń tajà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń wí.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn kan ní Sẹ̀nẹ̀gàl a máa sọ pé ráàpù kì í ṣe àlejò níbẹ̀ rárá, pé tassu ni ó jọ. Tassu jẹ́ ewì alohùn tí àwọn obìnrin Wolof máa ń ké níbi ìkómọjáde àti ìgbéyàwó. Ìlù a máa gbè é, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ a máa sáré tẹ̀lé ara wọn, a máa yin ènìyàn, a sì máa fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Lábẹ́ tassu, obìnrin lè sọ ohun tí kò jẹ́ sọ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó bá mọ ẹkún ìyàwó láàárín àwọn Ọ̀yọ́ kò ní ṣàì rí ìjọra náà. Ìyàwó tó ń sun ẹkún lè bá àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú rẹ̀ fún ọdún pípẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Àṣẹ tí ewì fún un ni ó ń lò.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé bí obìnrin tilẹ̀ ló ni tassu, àwọn ọkùnrin ló gba ìtàgé ráàpù. Ní 1997 ni àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan dá ẹgbẹ́ ALIF sílẹ̀ ní Dakar, èyí tó jẹ́ ẹgbẹ́ ráàpù obìnrin àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà. Àwo orin wọn, Viktim, jáde ní 1999. Ọ̀nà tí wọ́n là yìí ni Sister Fa tọ̀.

Ìrìn-àjò Iṣẹ́ Rẹ̀

Ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni Sister Fa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ orin. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Nígbà náà, olórin ráàpù tí kò ní onígbọ̀wọ́ ní Dakar ní láti fúnra rẹ̀ wá owó tí yóò fi gba orin sílẹ̀, kí ó sì tún bá àwọn tó ń ṣe àdàkọ kásẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ jìjàdù lórí títà rẹ̀. Ní 2005 ni àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ní 2006 ó kó lọ sí Berlin ní orílẹ̀-èdè Jámánì, lẹ́yìn tó ti fẹ́ ọkọ tó jẹ́ ọmọ Austria. Níbẹ̀ ló ti kó àwọn onílù àti onígìtá jọ. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ Piranha tó wà ní Berlin gbé àwo rẹ̀ kejì jáde, èyí tí ó pè ní Sarabah: Tales from the Flipside of Paradise. Orúkọ àwo náà ti fi hàn pé òdìkejì párádísè ló fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀kan lára àwọn orin inú rẹ̀, “Milyamba”, dá lé iṣẹ́ àṣekúdórógbó tí àwọn obìnrin abúlé ń ṣe.

Ọ̀pọ̀ ló lè rò pé ẹni tó bá ti dé Berlin ti bọ́. Ó ti ní olùgbọ́ tuntun, ó ti ní ilé-iṣẹ́ tó ń tà á, ìyà ilé kò sì kàn án mọ́. Sister Fa kò rò bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n dá abẹ́ fún òun náà ní kékeré. Ní 2008, ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò orin kan ní Sẹ̀nẹ̀gàl tí ó pè ní Éducation sans excision, ìyẹn ni pé ẹ̀kọ́ láìsí ìdábẹ́. Ó ń lọ sí ilé-ìwé láti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ó sì ń kọrin fún àwọn ará ìlú. Èyí tó gba ìgboyà jù nínú ìrìn-àjò wọ̀nyí ni ìpadàbọ̀ rẹ̀ sí Thionck-Essyl ní Casamance, ìlú àwọn ẹbí rẹ̀. Maria Luisa Gambale àti Gloria Bremer ya ìpadàbọ̀ náà sínú fíìmù wọn, Sarabah, tó jáde ní 2011. Ní ọdún kan náà ni iṣẹ́ Sister Fa gba ẹ̀bùn Freedom to Create.

Òfin, Èdè àti Èébú

Kì í ṣe pé Sẹ̀nẹ̀gàl kò ní òfin. Ní oṣù keje 1997, àwọn obìnrin abúlé Malicounda Bambara kéde pé àwọn ti jáwọ́ nínú ìdábẹ́. Ẹ̀kọ́ tí àjọ Tostan ń kọ́ wọn ní èdè abínibí wọn ni wọ́n ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í jíròrò ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kìíní 1999, ìjọba ṣe òfin tó sọ ìdábẹ́ di ọ̀ràn, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Síbẹ̀, òfin wà, àṣà wà. Nígbà tí Sister Fa bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò rẹ̀, òfin náà ti tó nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ti èdè. Èdè Faransé ni a fi kọ òfin, “excision” sì ni orúkọ tó pe ohun náà. Ọ̀rọ̀ dókítà àti ti adájọ́ ni èyí; kò ní òórùn ilé lára. Ní èdè Màńdíńgò, ọ̀rọ̀ kan wà, “solima”, tí wọ́n ń pe ẹni tí a kò dá abẹ́ fún tàbí tí a kò kọ nílà. Èébú gidi ni. Ó túmọ̀ sí aláìmọ́, aláìmọ̀kan, ẹni tí kò tíì di ènìyàn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá tó bá mú ọmọ rẹ̀ lọ lè má fẹ́ ṣe é níkà rárá. Ó lè jẹ́ pé èébú yìí ló ń sá fún. Òfin lè ti ènìyàn mọ́lé, ṣùgbọ́n kò lè pa èébú rẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lágboolé. Inú èdè tí èébú ń gbé ni a ti gbọ́dọ̀ bá a jà.

Èyí ló jẹ́ kí èdè tí Sister Fa ń lò ṣe pàtàkì. Wolof, Jola, Màńdíńgò àti Faransé ni ó fi ń kọrin. Wolof gbà á ní Dakar. Jola àti Màńdíńgò gbà á ní Casamance. Faransé gbé e dé Yúróòpù. Obìnrin tí wọ́n ti dá abẹ́ fún ló ń sọ̀rọ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè pè é ní solima. Ọmọ ilé ni. Ó mọ ohun tó ń sọ, àwọn tó ń gbọ́ náà sì mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n.

Monróvíà àti Ilẹ̀ Yorùbá

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Làìbéríà jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí túbọ̀ hàn. Ní Monróvíà, lẹ́yìn ogun tó parí ní 2003, àwọn ọ̀dọ́ gbé irú ráàpù kan tí wọ́n ń pè ní hipco lárugẹ. Èdè ìgboro wọn, Kolokwa, ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ní 2007, Takun J fi orin “Policeman” bá àwọn ọlọ́pàá wí lórí ìwà ìbàjẹ́, ìlù sì ni ó jẹ lọ́wọ́ wọn. Ní ti ìdábẹ́, inú ẹgbẹ́ awo àwọn obìnrin tí a ń pè ní Sande ni ó fara pamọ́ sí. Ní oṣù kẹta 2012, oníròyìn obìnrin Mae Azango kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn FrontPage Africa ní Monróvíà. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn débi pé ó ní láti sá pamọ́ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2018, kí Ààrẹ Ellen Johnson Sirleaf tó fi ipò sílẹ̀, ó fi àṣẹ ìjọba de ìdábẹ́ fún ọdún kan péré. Ìwádìí ìjọba ti 2019 sí 2020 fi hàn pé obìnrin 38 nínú 100 tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ni wọ́n ti dá abẹ́ fún. Ní oṣù kejì 2023 ni àwọn olórí ìbílẹ̀ náà kéde pé àwọn fòfin dè é. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìròyìn àti àṣẹ ìjọba. Kolokwa àti àwọn èdè abínibí ni a fi ń pe ọmọ lọ sínú igbó Sande. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni ohùn bí ti Sister Fa lè dí.

Ilẹ̀ Yorùbá kò gbọdọ̀ fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ ará òkèèrè. Òfin àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2015 ka ìdábẹ́ léèwọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olóòlà ti pẹ́ láàárín wa. Èdè wa náà ti ran àṣà yìí lọ́wọ́: ìkọlà ni a máa ń pe ti ọkùnrin àti ti obìnrin pọ̀, bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n. Olùkọ́ èdè tó bá ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ ní kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Orin ẹnì kan kò lè fòpin sí àṣà àtayébáyé. Ní Gáḿbíà tó múlé gbe Casamance, òfin tó de ìdábẹ́ ní 2015 fẹ́rẹ̀ẹ́ di fífagilé ní 2024, kí ilé aṣòfin tó kọ̀ ọ́ ní oṣù keje ọdún náà. Ìjà kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ìgbésí ayé Sister Fa fi hàn pé òmìnira olórin kì í pé bí kò bá lè sọ òtítọ́ níwájú àwọn tó bí i. Berlin fún un ní ìtàgé. Thionck-Essyl ni ó fi í dán ara rẹ̀ wò.

Àwọn olùkọ́ èdè ní ohun tí wọ́n lè mú níbẹ̀. A máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹkún ìyàwó bí ohun àtijọ́ tí a fi pamọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Bí a bá sọ fún ọmọbìnrin kan ní kíláàsì pé kí ó fi ẹkún ìyàwó sọ ohun tó ń dùn ún lónìí, yóò rí i pé àṣẹ tí àwọn ìyá àgbà rẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀ ṣì wà nínú èdè náà. Ó kù kí ó gbà á lò.