Ekòló, Òjé àti Omi Kànga Wa



Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá kan béèrè bóyá òótọ́ ni pé ajílẹ̀ tí ekòló ṣe lè mú májèlé kúrò nínú omi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí pé òótọ́ ni, àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Ẹ jẹ́ kí n pa ìtàn rẹ̀.

Àwọn bàbá wa tó ń gbin iṣu mọ ekòló dáadáa. Ibi tí wọ́n bá ti rí ìgbẹ́ rẹ̀ jọ lẹ́yìn òjò, wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá. Ní ọdún 1881 ni Charles Darwin, ará Ìlú Ọba, kọ odindi ìwé lórí rẹ̀. Ó ṣírò pé ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ wọn, iyẹ̀pẹ̀ tó lé ní tọ́ọ̀nù 10 ń gba inú ekòló kọjá lọ́dọọdún lórí éékà kan ṣoṣo. Ní 1982, olùkọ́ obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Mary Appelhof, kọ ìwé tó kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè fi àjẹkù ilé ìdáná bọ́ ekòló nínú àpótí. Ọ̀kan nínú àwọn ekòló tí wọ́n ń sìn káàkiri ayé báyìí, Eudrilus eugeniae, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí ni ìran rẹ̀ ti wá. Ohun tiwa ni wọ́n ń tà fún ara wọn lọ́hùn-ún!

Ìgbà tó yá ni ọ̀rọ̀ kan omi. Ní Chile, ní àwọn ọdún 1990, José Tohá ní yunifásítì kan níbẹ̀ to òkúta sísàlẹ̀, ó kó ohun tí káfíńtà fá lára pákó lé e, ó kó ekòló sí i, ó wá ń da omi ìdọ̀tí gba ibẹ̀ kọjá. Ekòló ń jẹ ìdọ̀tí, omi ń jò jáde nísàlẹ̀, ó sì mọ́ ju bó ṣe wọlé lọ.

Ní 2003, àwọn onímọ̀ ní Brazil gbé ìwádìí jáde pé ajílẹ̀ ekòló fúnra rẹ̀, láìsí ekòló nínú rẹ̀ mọ́, ń mú òjé àti irú rẹ̀ kúrò nínú omi ìdọ̀tí ibi iṣẹ́ àyẹ̀wò. Ohun dúdú inú ajílẹ̀ náà ló ń ṣe é. Ó ń mu òjé bí aṣọ funfun ṣe ń mu aró.

Òjé yìí kì í ṣe àjèjì. Àwọn olórìṣà ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ látayébáyé. Tó bá wọ inú ọmọdé ni wàhálà dé, ọpọlọ ló máa ń bà jẹ́. Ní Zamfara, ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà lágbo ilé, ó pa ọmọ tó lé ní 400. Ẹ sì jẹ́ kí n wí èyí ketekete: omi síse kì í mú òjé kúrò. Kòkòrò àrùn ni iná ń pa.

Ajílẹ̀ ekòló ní tirẹ̀ lè mú òjé, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò kọ́lẹ́rà. Ìgbẹ́ ṣáà ni! Omi ìdọ̀tí ni wọ́n fi ń tún ṣe ní gbogbo ibi tí mo dárúkọ, kì í ṣe omi mímu. Èyí tó bá sì ti mu òjé yó ti di májèlé fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kó o lọ sí oko ẹ̀fọ́, òjé yẹn ló ń kó padà sí ìkòkò ọbẹ̀.

Mo bi ìyá náà pé kí ló dé tó fi ń béèrè. Ó ní kànga òun kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì ọkọ̀ àlòkù, àwọn ọmọ-ọmọ òun ló sì ń mu ún. Mo ní kó má da nǹkan kan sí i, kí àwọn ọmọ náà lọ máa mu omi ibòmíràn ná. A ti bu omi náà sínú ike. Ọjọ́ Ajé la ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò l'Adó. Ẹni tí kànga tirẹ̀ bá wà nítòsí irú ibẹ̀, kó bu tirẹ̀ wá kí ọjọ́ Ajé tó dé.